Stẹ́rìn ń gbọ̀n tí mo bá ti tẹ búrẹ́kì: ṣé kí n tún sìkíìmù díìsìkì ni àbí kí n ra òmíì?

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò mi yìí torí ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Camry 2005 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnì 2.4. Ìbàdàn ni mò ń gbé àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni mo máa ń lọ wo ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n Aláàyè. Tí mo bá ń sáré bíi 90 tàbí 100 tí mo wá tẹ búrẹ́kì, stẹ́rìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí òtútù ibà mú, ẹsẹ̀ búrẹ́kì gan-an á máa ti ẹsẹ̀ mi padà. Tí mi ò bá tẹ búrẹ́kì, jẹ́jẹ́ ló ń lọ, kò sí wàhálà kankan. Nínú ìgboro mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń bà mí lẹ́rù jù ni ìgbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n padà sí Ìtaawùrẹ́, ẹni tó bá mọ òkè yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ, àwọn ọmọ sì máa ń wà lẹ́yìn.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn mẹkáníìkì mi tú díìsìkì iwájú méjèèjì, àwọn irin róbótó tí búrẹ́kì ń fún mú, lọ síbi tí wọ́n ti ń sìkíìmù, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ojú ẹ̀ kó tẹ́jú, ó gbé e padà wá ó ń dán gbinrin, stẹ́rìn sì dúró. Kò ju oṣù méjì lọ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ó ní kí n jẹ́ kí òun tún lọ sìkíìmù ẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n ra tòkunbọ̀ ní Gate, oníspíà ní tuntun ni kí n rà. Owó ò sí ní títà o, àmọ́ mi ò fẹ́ fi ẹ̀mí àwọn ọmọ mi ta tẹ́tẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Dérébà_Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já yín láyà. Díìsìkì ló tẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíì kó sìkíìmù ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ ni ò mọ iṣẹ́. Èmi ti sìkíìmù tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣì ń fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Ṣángo

Ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má gba ìyá yìí nímọ̀ràn yẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Díìsìkì iwájú Camry 2002 sí 2006, mìlímítà 28 ló ki nígbà tó wà ní tuntun, 26 ni òpin ẹ̀. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 26, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ ṣe sí i mọ́, kí wọ́n jù ú sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ni. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sára irin náà fúnra wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wáyà bọ́rọ́ọ̀ṣì ha ìpẹtà ara ẹ̀ kúrò, ẹ máa rí ibi tí wọ́n tẹ MIN TH sí pẹ̀lú nọ́ńbà, ìyẹn bó ṣe gbọ́dọ̀ ki tó, ó kéré tán. Gbogbo ohun tí ẹ ní láti jẹ lára díìsìkì látọjọ́ tí ẹ rà á títí ọjọ́ tó máa kú, mìlímítà 2 péré ni, ìyẹn 1 lójú kọ̀ọ̀kan. Pádì, ìyẹn ohun tó ń fún díìsìkì mú tí ẹ bá tẹ búrẹ́kì, ti jẹ nínú ẹ̀, ẹni tó sìkíìmù náà ti jẹ nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá tún gé e, kí ló kù?

Irin tó bá ti fẹ́lẹ́, ooru kì í ríbi sá sí lára ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n nílé ìdáná, ìkòkò irin tó nípọn kì í tètè gbóná, abọ́ páànù ńkọ́? Kí iná tó mú un ó ti yí. Díìsìkì yín lè ti di abọ́ páànù.

Tí wọ́n bá máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má fi fániyà, irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ki tó, há etí ẹ̀ gan-an o. Pádì kì í dé etí yẹn, ó máa ń ga sókè bí etí àwo, ó máa fún yín ní nọ́ńbà irọ́. Kí wọ́n wọlé bíi mìlímítà 10, kí wọ́n wọ̀n ọ́n níbi mẹ́jọ yíká. Tí ibì kan bá ki ju ibòmíì lọ, ibẹ̀ gan-an ló ń ti ẹsẹ̀ yín padà.

Dérébà_Ọ̀yọ́

Ọ̀gá, mi ò bá yín jà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lówó díìsìkì tuntun. Ẹni tó ń fi mọ́tò wá jíjẹ mímu ni mí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Mushin

Mo gbà pé kí wọ́n má sìkíìmù mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tuntun yẹn, èmi ò fi gbogbo ara gbà á. Tuntun àkọ́kọ́ tí mo rà fún Corolla mi, páálí ẹ̀ ń dán, orúkọ ńlá ló wà lára páálí, gbogbo ẹ̀ ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí stẹ́rìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgbà tí mo tú u ojú ẹ̀ ti ní àmì aró-aró káàkiri bí aṣọ àdìrẹ, ooru ló sun ún bẹ́ẹ̀. Àdàmọ̀dì ni. Mo wá lọ sí Ládípọ̀ mo ra tòkunbọ̀, ọdún kejì rèé, kò sóhun tó ṣe é.

Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n yàn. Ẹ wo etí ẹ̀, tó bá ga tí ìka yín ń kọ́ ọ, ẹ gbé e sílẹ̀, wọ́n ti lò ó jẹ. Ẹ fi èékánná fà á láti àárín wá sí etí, tó bá ní ipa jínjìn bíi poro oko, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi okùn tàbí ìka gba ojú ihò àárín gbé e sókè kó rọ̀, kí ẹ wá fi sípánà kan án. Irin tó dáa máa dún gbooo bí agogo. Èyí tó bá dún pó bí igbá tó ti fọ́, ó ti sán níbì kan bí ojú ò bá tilẹ̀ rí i.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Ṣángo

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ agogo yẹn dáa, ohun tí àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń ṣe nìyẹn. Tòkunbọ̀ tó bá ṣì ki tó 27 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní í kọ̀ ọ́ fún oníbàárà mi. Àmọ́ ẹ gbé fániyà lọ sọ́jà. Oníspíà tí kò bá jẹ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ará_Peckham

Ẹ kú ilé o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látàárọ̀, ó wá di dandan kí n sọ̀rọ̀ torí mo rò pé gbogbo yín ń bá díìsìkì jà, ó sì lè máà jẹ́ díìsìkì ló ṣẹ̀. Gáréèjì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní London, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Mọ́tò tó bá ti ju ọdún 3 lọ níbí gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, wọ́n á sì yẹ díìsìkì wò, torí náà díìsìkì tí mo ti pààrọ̀ kì í ṣe kékeré.

Ohun tí a máa ń pè ní “díìsìkì ti tẹ̀” yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà irin yẹn ò tẹ̀ rárá. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó dè é ò fọ ojú họ́ọ̀bù, irin tí díìsìkì àti wíìlì jókòó lé. Ìpẹtà wà níbẹ̀, ó gbé díìsìkì lé e lórí, ó de táyà mọ́ ọn, díìsìkì wá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Iye tí wọ́n gbà kó fi yà nígbà tó bá ń yí, mìlímítà 0.05 ni fún Toyota. Bébà tí à ń fi tẹ̀wé lọ́fíìsì, ẹyọ kan ẹ̀ ki tó 0.1. Ìdajì bébà kan nìyẹn o! Ìpẹtà kékeré tó wà nítòsí àárín á ti di ńlá tó bá fi máa dé etí díìsìkì.

Ibi tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kì í gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá dè é. Á dúró jẹ́jẹ́. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí táyà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, ibi tó yà yẹn á fara kan pádì, bí ẹ ò tilẹ̀ tẹ búrẹ́kì, díẹ̀díẹ̀ pádì á jẹ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ibòmíì lọ. Oṣù kan, oṣù méjì, stẹ́rìn á bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n sìkíìmù ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kà tí mo fi dìde jókòó. Bí ẹ bá ra díìsìkì tuntun tó dáa jù láyé, tí wọ́n tún gbé e lé orí họ́ọ̀bù tó ti dógùn-ún yẹn, oṣù méjì sí i ẹ tún máa padà wá síbí.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì fọ họ́ọ̀bù kó funfun, wáyà bọ́rọ́ọ̀ṣì àti sáńpépà ló máa lò. Kí ó sì fọ ọ́ọ̀lì tí wọ́n fi pa díìsìkì tuntun lára kúrò kó tó dè é, wọ́n máa ń fi pa á kó má baà dípẹtà nínú páálí, tí pádì bá mu ọ́ọ̀lì yẹn búrẹ́kì ò ní í mú dáadáa.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Ṣángo

Ará Peckham, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ ni, mi ò mẹ́nu ba họ́ọ̀bù, ó sì yẹ kí n ti mẹ́nu bà á. Àmọ́ tiyín lọ́hùn-ún, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń jẹ irin. Níbí, nǹkan méjì mìíràn ni mo máa ń rí ju ìpẹtà lọ.

Àkọ́kọ́ ni ìdè táyà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, á yọ táyà, á lẹ̀ ẹ́, tó bá fẹ́ dè é padà á de nọ́ọ̀tì kan pa kó tó kan èkejì, á wá gun orí sípánà á máa fò lé e lórí. Díìsìkì wà láàárín họ́ọ̀bù àti wíìlì, nọ́ọ̀tì yẹn kan náà ló dì í mú, tó bá fún níbì kan tó dẹ̀ níbì kan á fà á yà. Camry yìí, 103 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìdè) ni Toyota ní kí wọ́n de nọ́ọ̀tì ẹ̀ sí, èèyàn kan tó fi ọwọ́ méjèèjì fa sípánà tó gùn díẹ̀ á dé ibẹ̀ láìfò. Kí wọ́n sì máa mú un ní ìdojúkọ, tí wọ́n bá de ti òkè kí wọ́n bọ́ sí òdìkejì, kí wọ́n má tò ó yíká.

Èkejì, omi. Ẹ ti ọ̀nà jíjìn dé, wíìlì ń gbóná, ẹ yà sí ibi ìfọmọ́tò, ọmọ yẹn gbé họ́ọ̀sì omi tútù kọ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sinmi tó ìdajì wákàtí kó tó fọ̀ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín, Ọlọ́run á máa bá yín gbé e. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ni. Ẹ jọ̀ọ́ ohun kan rèé tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀: wíìlì iwájú lápá dérébà máa ń dúdú fún eruku ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Tí mo bá fọ mọ́tò lónìí, ní ọ̀túnla ó ti dúdú. Nígbà míì tí mo bá dé láti Ẹ̀fọ̀n mo máa ń gbọ́ òórùn bí ìgbà tí ike ń jóná lápá ibẹ̀. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Ṣángo

Ó kàn án gan-an mà! Ó dáa tí ẹ rántí ẹ̀. Kálípà ẹ̀gbẹ́ yẹn, irin tó ń ti pádì mọ́ díìsìkì, ló ń di díìsìkì mú tí kì í fi í sílẹ̀. Kálípà yẹn ní irin gígùn méjì tó ń rìn lé lórí, a máa ń pè é ní píìnì. Tí rọ́bà ẹ̀ bá ti ya, omi á wọ̀ ọ́, á dógùn-ún, á gan. Pádì kan á máa jẹ, èkejì á máa wòran. Ìgbà tí wọ́n bá tú u ẹ wo pádì méjèèjì tó wà lápá ibẹ̀, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ wa mọ́tò jẹ́jẹ́ fún bíi ogún ìṣẹ́jú kí ẹ má fi bẹ́ẹ̀ tẹ búrẹ́kì, kí ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, á bó yín. Èyí tí ooru ẹ̀ bá ń lu yín lọ́wọ́ ju èkejì lọ, òun ni.

Gíríìsì tí wọ́n máa fi sí píìnì, kì í ṣe gíríìsì bẹ́rìn lásán, ìyẹn máa ń wú rọ́bà. Ti búrẹ́kì wà lọ́tọ̀. Tí píìnì bá sì ń rìn dáadáa tó jẹ́ pé ó ṣì ń dì í mú, kí wọ́n yẹ pístìnì, irin inú kálípà tó ń ti pádì, wò àti ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé omi búrẹ́kì wá, inú ẹ̀ máa ń wú dí, omi á wọlé kò ní í padà.

Tẹ́kí_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ díìsìkì oníhò? Èyí tí wọ́n dá lu jákèjádò tó tún ní ìlà lára. Ó máa ń jẹ́ kí ooru jáde. Mo fẹ́ rà á fún tèmi.

Ará_Peckham

Àbúrò, mo ti yọ irú ẹ̀ rí tó sán láti ihò kan dé ìkejì. Etí ihò yẹn ni ìsán ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tó jẹ́ pé wọ́n kàn fi díríìlì lu irin lásán. Fún mọ́tò tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, díìsìkì tó ní ojú pẹrẹsẹ tó ní àlàfo afẹ́fẹ́ láàárín tó. Àlàfo àárín yẹn ló ń lé ooru jáde. Owó tí o fẹ́ fi ra oníhò, fi ra pádì tó dáa.

Tẹ́kí_Abẹ́òkúta

Mo gbọ́ sà. Ẹ ṣé.

Oníspíà_Gate

Ẹ kú ọjà o. Èmi ló ń tà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ fún ìyá tèmi tó bá wá rà á.

Ẹ má ra ẹyọ kan. Méjì méjì la máa ń pààrọ̀ ẹ̀ lápá iwájú, torí tí ọ̀kan bá ki tí ọ̀kan fẹ́lẹ́ mọ́tò á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá tẹ búrẹ́kì lójijì. Pádì tuntun ni kí ẹ fi lé díìsìkì tuntun, ti àtijọ́ ti mọ ojú díìsìkì àtijọ́.

Nọ́ńbà Toyota fún díìsìkì iwájú, 43512 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, pádì iwájú 04465. Tí ẹni tó ń tà á fún yín bá gbé nọ́ńbà 42431 lé yín lọ́wọ́, díìsìkì ẹ̀yìn nìyẹn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò, nítorí náà ẹ gbé ti àtijọ́ dání wá, ká gbé méjèèjì lérí ara wọn, ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún, ihò àárín, gíga àárín ẹ̀ tó yọ sókè bíi fìlà, kó bára mu régé. Ọ̀pọ̀ Camry 2.4 ní díróòmù lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta díìsìkì ẹ̀yìn fún yín tí ẹ kò ní in.

Tuntun tó dáa, ẹ wò ó lórí irin, ẹ má wo páálí. Páálí, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Kí MIN TH wà lára ẹ̀ ketekete. Kí àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín ojú méjèèjì pé, kí wọ́n ki bákan náà, ẹ tẹjú mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́. Kó sì wúwo. Mo ti gbé méjì tó jọra lọ́wọ́ rí, ọ̀kan ń fa apá mi wálẹ̀, èkejì fúyẹ́, mi ò jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ará_Peckham

Oníspíà, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Kí n fi kún un: èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọjà Yúróòpù máa ń ní àmì E nínú òbìrìkìtì àti R90 lára irin. Kì í ṣe gbogbo ojúlówó ló ní in o, ti Japan tàbí Amẹ́ríkà lè máà ní in.

Dérébà_Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, mo ti ń rò ó láti àná. Ọ̀gá Mẹ́kà, mo wọn tèmi láàárọ̀ yìí, 24.2 ni, ó ti kọjá òpin. Mo ti gbé mọ́tò sílẹ̀, mi ò ní í kó èrò títí máa fi rí owó òmíì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo mọ̀ dáadáa kún un, ọ̀rọ̀ òkè. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ má fi ẹsẹ̀ lé búrẹ́kì látòkè délẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ fa géà sí 3, tó bá ga gan-an 2. Ẹ́ńjìnì á máa dá a dúró fún yín. Búrẹ́kì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó mú dáadáa, kí ẹ fi sílẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Ṣángo

Ẹ̀gbọ́n Dérébà, Ọlọ́run á pèsè. Ẹ wá bá mi ní Ṣángo, mi ò ní í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé o. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n tú u, mo fa àga mo jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀gbẹ́ dérébà, 24.9. Ẹ̀gbẹ́ kejì, 25.6. Méjèèjì ti kọjá òpin, ó jọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìkíìmù ẹ̀ ló ti kọjá òpin, ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n fún mi. Píìnì ìsàlẹ̀ lápá dérébà gan pátápátá, òòlù ni wọ́n fi lù ú jáde, ìpẹtà pupa ń dà sílẹ̀ bí gààrí. Pádì inú ti jẹ kan irin, ti ìta ṣì ki. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí díìsìkì kúrò, ojú họ́ọ̀bù ti bo fún ìpẹtà, mo ní kó fọ̀ ọ́, ó ní kò ṣe nǹkan kan, mo ní àfi kó fọ̀ ọ́. Mo fi wáyà bọ́rọ́ọ̀ṣì náà lé e lọ́wọ́.

Mo ra díìsìkì tuntun méjì àti pádì, píìnì tuntun pẹ̀lú rọ́bà ẹ̀. Ó de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ, kò fo lé sípánà. Lẹ́yìn náà a jáde lọ síbi tí ọ̀nà ti ṣófo, ó sáré dé 60, ó tẹ búrẹ́kì títí ó fi ń rìn bí 10, kò dúró, ó tún sáré, bẹ́ẹ̀ ló ṣe nígbà mẹ́jọ, ó ní kí pádì àti díìsìkì fi mọra. Ó ní kí n má tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀ níbi tí mo bá dúró sí títí wọ́n á fi tutù.

Àná mo lọ Ẹ̀fọ̀n mo sì padà. Mo fa géà sí 3 lókè. Mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo di stẹ́rìn mú láti gbìyànjú ẹ̀ wò, kò mira rárá. Àwọn ọmọ sùn lọ lẹ́yìn. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Ṣángo

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mà. Ẹ ti rin Ẹ̀fọ̀n lọ àti bọ̀, ẹ ní kí wọ́n tún yẹ nọ́ọ̀tì táyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá iwájú wò lọ́la, pẹ̀lú sípánà ọwọ́. Kí wọ́n sì wo omi búrẹ́kì, DOT 3 ni kí wọ́n fi kún un tó bá lọ sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Mo gbọ́. Láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa gba ibẹ̀ kọjá.